Ògógóró: láti wáàfù Àpápá dé Ajégúnlẹ̀ 🧵

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pọ́ọ̀sì wáìnì láti Georgia (èyí tó múlé gbe Rọ́ṣíà o, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà), mo rí yín 😂 Inú ìkòkò amọ̀ ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní 2013, UNESCO kọ ọ̀nà ìṣe yẹn mọ́ ohun àjogúnbá.

Tiwa ńkọ́?

Wọ́n á gbé ẹmu ògùrọ̀ tó ti kan kaná, ooru ẹ̀ á gba páìpù kọjá nínú omi tútù. Ohun tó bá ń kán sílẹ̀, ògógóró nìyẹn. Láyé òyìnbó amúnisìn, bí wọ́n bá ká a mọ́ ẹ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn ni. Wọ́n ní májèlé ni. Hmm. Jíìnì Yúróòpù tó ń gba èbúté Èkó wọlé ń san owó kọ́sítọ́ọ̀mù fún ìjọba. Ògógóró inú igbó ò san kọ́bọ̀. Owó ni jàre!

Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, apá mẹ̀kúnnù ò ká jíìnì mọ́. Ògógóró bá gbilẹ̀.

Ajégúnlẹ̀, tí ò jìnnà sí wáàfù Àpápá, kún fún Ìlàjẹ, Ìjọ̀ àti Urhobo. Ilẹ̀ olómi tí wọ́n ti ń sè é gan-an ni wọ́n ti wá.

Ní 2015, ògógóró tí methanol wà nínú ẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ondo àti Rivers. Ìjọba tún fòfin dè é. Ikú yẹn kì í ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n òfin ò lè yẹ inú ìgò wò. Georgia ń yẹ tiwọn wò kí wọ́n tó tà á fún yín. Ní AJ City, inú ìgò àlòkù tí ò lórúkọ ni tiwa ṣì wà.