Láti Póò dé Sókàwéè

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó láyé òyìnbó yóò rántí agbépóò. Ilé ìgbẹ́ máa ń wà lẹ́yìnkùlé, póò onírin á wà lábẹ́ ìjókòó, wọ́n á sì dá ihò sára ògiri ẹ̀yìn kí agbépóò lè fa póò jáde láì wọnú ilé. Òru ló ń wá. Á fi aṣọ di imú, á mú ìgbálẹ̀ àti àtùpà dání, á ru ẹrù náà lọ sétí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń dà á nù. Ọmọ tó bá fi í ṣẹlẹ́yà, àwọn àgbà á tètè lé e wọlé, torí agbépóò tí a bá bú lè gbé póò náà kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹni. Bàbá mi, tó ṣe kékeré níbẹ̀, kọ́ wa pé ká máa sọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Orí wọn ni ìlera Èkó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lọ́dọ̀ tiwa, ní ilẹ̀ àwọn Àwórì lójú ọ̀nà Badagry, igbó àti etí omi la ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ṣáláńgá tó dé. Ilẹ̀ fẹ̀, èèyàn ò pọ̀. Bí kòtò ṣáláńgá kan bá kún, wọ́n á dí i, wọ́n á gbẹ́ òmíràn. Títì Èkó sí Badagry ló yí nǹkan padà. Àjọ̀dún àṣà FESTAC wáyé ní 1977, ọdún yẹn náà ni ibùdó Trade Fair ṣí. Lateef Jakande, tó ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, kọ́lé fáwọn mẹ̀kúnnù ní Ìbà. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ọjà Alaba náà sì ń fa èrò wá. Àdúgbò Festac ní páìpù tó ń kó ẹ̀gbin ilé gbogbo jọ sójú kan. Ní Òkokomáíkò, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, kálukú ló gbẹ́ sókàwéè tirẹ̀, ìyẹn tánkì abẹ́ ilẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbin ilé.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ará Faransé kan, Jean-Louis Mouras, gba ìwé àṣẹ irú tánkì bẹ́ẹ̀ ní 1881. Nínú rẹ̀, ìdọ̀tí á rì sísàlẹ̀, ọ̀rá á léfòó, kòkòrò tójú ò rí á máa jẹ ẹ́. Omi àárín nìkan ló yẹ kó kọjá sínú ihò kejì kí ilẹ̀ lè mu ún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti mu yó kò lè mu mọ́. Ní Ìbà, bí òjò oṣù Kẹfà bá ti rọ̀ dáadáa, n kì í tíì gbẹ́lẹ̀ dé ìbàdí tí omi á ti máa sun wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ń gbẹ́ ẹ. Mo máa ń da kọnkéré sísàlẹ̀, màá rẹ́ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, màá fi páìpù onígun T síbi tí omi ń gbà jáde, kí ọ̀rá má baà tẹ̀ lé e. Àwọn kan kì í da kọnkéré sísàlẹ̀, kí onílé lè pẹ́ kó tó pe ọkọ̀ tó ń fa ẹ̀gbin. Onílé á yọ̀. Kànga aládùúgbò ló máa san gbèsè yẹn.

Ọkọ̀ tó ń fa sókàwéè ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agbépóò. Á na rọ́bà gígùn sínú tánkì, ẹ́ńjìnnì á fà á mu. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, Iddo ni wọ́n ń gbé e lọ dà, sínú ọ̀sà kan náà. Ní àwọn ọdún 1990, Isaac Durojaiye, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Otunba Gaddafi, dá iléeṣẹ́ DMT sílẹ̀, ó gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká wá sígboro, tánkì wà nínú rẹ̀ tí ọkọ̀ á máa wá fà. Ó fi àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ àti àwọn opó ṣe alábòójútó wọn. Ó jẹ́ ká rí i pé èèyàn lè ṣiṣẹ́ yìí lọ́sàn-án gangan láì fojú pa mọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni àwọn tó ń dúró de òjò òru kí wọ́n tó ṣí sókàwéè sí gọ́tà. Agbépóò gbé ẹ̀gbin kúrò nílé. Àwọn wọ̀nyí ń dà á sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣí ìdérí wò lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ìdọ̀tí bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ pe ọkọ̀. Ẹ má máa da oògùn apakòkòrò sínú rẹ̀, torí kòkòrò yẹn ló ń bá yín ṣiṣẹ́. Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pani kíákíá, ó sì lè pa ẹni tó bá fẹ́ yọ olóògbé náà. Ìjọba náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ibi ìtọ́jú ẹ̀gbin sún mọ́ wa, kí awakọ̀ má baà rí ìdí kankan láti dà á sínú omi tí a ti ń pẹja.