Ìwé Ara Gíláàsì: Ọkọ̀ Èrò àti Adójútòfò lójú Ọ̀nà Èkó sí Lómé

Kí n tó wọ ọkọ̀ èrò ní Lómé, gíláàsì iwájú ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Kì í ṣe bóyá ó ti sán nìkan ni mo ń wò. Mo máa ń ka ìwé adójútòfò pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, kí n lè mọ ọjọ́ tí àsìkò rẹ̀ yóò tán. Ìyá mi ló kọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ná ọjà aṣọ láti Èkó dé Assigamé. Kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà ọdún.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbí ni pé ààbò méjì ló wà lára gíláàsì náà, ìtàn wọn kò sì rìn pọ̀. Èkíní ni gíláàsì fúnra rẹ̀. Ní 1909, Édouard Bénédictus, ará Faransé, gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá lórí awẹ́ gíláàsì méjì tí wọ́n fi sẹ́lúlọ́ìdì lẹ̀ pọ̀. Bí òkúta bá bà á, ó lè sán, ṣùgbọ́n àfọ́kù rẹ̀ kì í fọ́n sí èrò lójú. Irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ kò mọ ààlà: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló ń ṣiṣẹ́ ní Lómé.

Ìwé ara rẹ̀ ni èkejì, ìyẹn sì mọ ààlà. Ọkọ̀ tó ti Èkó bọ̀ á gba Sèmè wọ Bẹ̀nẹ̀, á gba Hillacondji wọ Tógò. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, òfin mẹ́ta. Bó bá gbá ènìyàn ní Aného, kí ni ìwé tí wọ́n rà ní Èkó fẹ́ ṣe fún onítọ̀hún?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1982, ní Kùtọnú, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn tó dá Brown Card sílẹ̀. Lómé ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà lónìí. Adójútòfò ilé awakọ̀ ló ń fún un ní káàdì náà kó tó gbéra. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọ́fíìsì Brown Card ti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ni yóò bójú tó ẹni tó fara gbá, gẹ́gẹ́ bí òfin ibẹ̀. Ti ilé awakọ̀ yóò sì dá owó náà padà.

Àmọ́ káàdì yìí kì í sí lára gíláàsì. Ọwọ́ awakọ̀ ló ń wà, èrò tó dúró níta kò lè kà á. Ìdí nìyí tí ìyá mi, bó bá ti ka gíláàsì tán, fi máa ń béèrè pé, “Dírẹ́bà, káàdì dà?” Mo ti rí awakọ̀ tí ìbéèrè yìí bí nínú. N kò tíì rí èyí tó bínú, tó sì mú káàdì jáde.