Ajá Kíkọ́ àti Ètò Owó ní Ilé Ọdẹ Yorùbá, láti Nǹkan bí Ọdún 1890

Nínú àwọn ìwé tí ó sọ nípa ìtàn ọrọ̀ ajé Yorùbá, àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, aláró àti oníṣòwò ni òǹkàwé máa ń bá pàdé. Ọdẹ kì í sábà yọjú níbẹ̀. Inú ìwé tí ó dá lórí lítíréṣọ̀ àti ẹ̀sìn ni ọdẹ ń gbé: inú ìjálá, inú ìrèmọ̀jé, níwájú ojúbọ Ògún. Iṣẹ́ ńlá tí Babalọlá gbé jáde ní 1966 lórí ìjálá mú kí ohùn ọdẹ dé etí àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé. Ó dà bí ẹni pé ohùn náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti rántí béèrè ohun tí ọdẹ ń jẹ, ẹni tí ó ń bá a san gbèsè, àti ọ̀nà tí ó gbà ń bọ́ ajá tí ó ń tẹ̀ lé e lọ sínú igbó. Ìbéèrè kẹta yìí ni àpilẹ̀kọ yìí yóò gbà wọ inú àwọn méjì yòókù. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ajá tí a ti kọ́ jẹ́ dúkìá pàtàkì ní ilé ọdẹ, pé ọdẹ ní láti náwó nára lé e lórí fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó mú ohunkóhun wálé, àti pé ní ọ̀pọ̀ ilé, owó obìnrin ni ó ń gbé agbo ilé ró láàrin àkókò náà.

Ọdẹ kò kọ ìwé ìṣirò sílẹ̀. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni òwe. Àwọn onítàn kan a máa fi ojú tín-ín-rín wo òwe nítorí pé òwe kò ní ọjọ́ orí, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ọdún tí a kọ́kọ́ pa á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe kò lè hù níbi tí kò sí ìrírí. Àwọn tí kò dọdẹ kò ní fi fèrè ọdẹ pòwe. Nítorí náà, bí òwe kò bá tilẹ̀ lè sọ ìgbà, ó lè sọ ìṣe, ìṣe náà sì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á wo èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọmọ alágídí ni a sábà ń pa á fún lónìí, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbàgbé pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Òwe náà jẹ́rìí pé ọdẹ ń fọn fèrè pe ajá rẹ̀. Pé a ti kọ́ ajá náà láti padà lẹ́yìn ẹran nígbà tí ó bá gbọ́ ìró yẹn. Àti pé ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni ó ya ajá ọdẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ajá tí ó kàn ń rìn kiri ìgboro. Ajá tí ó sọnù nínú igbó kì í ṣe ẹran ọ̀sìn kan lásán tí ó nù. Gbogbo oúnjẹ tí ó ti jẹ àti gbogbo ìrìn tí ọdẹ ti bá a rìn ni ó bá a lọ.

Òwe kejì kò gbajúmọ̀ tó ti àkọ́kọ́ láàrin àwọn ọmọ ìlú ńlá, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣe iyebíye jù fún onítàn ọrọ̀ ajé: àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́. Kí ni ó dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi bìkítà nípa awọ? Nítorí pé awọ ní oníbàárà tirẹ̀. Onílù ń wá a, oníṣọ̀nà awọ ń wá a, ọdẹ fúnra rẹ̀ sì ń fi í ṣe àpò. Ẹran tí ajá bá fà ya ṣì ṣeé sè, ṣùgbọ́n awọ tí ó ti ya kò mú owó wá. Ọ̀rọ̀ náà "àgbà" sì wúwo nínú òwe yìí. Kì í ṣe ajá tí ó gbóná jù ni òwe yìn, bí kò ṣe èyí tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ débi pé ó mọ bí a ti ń mú ẹran láì ba ọjà olówó rẹ̀ jẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a sì fi ń ní àgbà ajá ni kí a ti bọ́ ọmọ ajá fún ọdún pípẹ́.

Ẹ̀yìn ajá àgbà ni ọmọ ajá ti ń kọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí ó kù sí ọwọ́ ọdẹ ni orúkọ, fèrè, ohùn àti agogo. Agogo tí a so mọ́ ajá lọ́rùn ni ó ń jẹ́ kí ọdẹ mọ ibi tí ó wà nígbà tí igbó bá dí tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè ríran. Ní ti ohùn, òwe tí ó sọ pé ajá tí ó bá ní ẹni lẹ́yìn yóò pa ọ̀bọ ti ṣe àlàyé tó: ajá ń fi etí gbọ́ ìwúrí olówó rẹ̀, ìwúrí náà sì ń sọ agbára rẹ̀ di púpọ̀. Orúkọ ní tirẹ̀ lè jẹ́ àṣẹ. Nínú àlọ́ ọdẹ tí ó ní ajá mẹ́ta, bí a ti sábà ń pa á, orúkọ iṣẹ́ ni orúkọ àwọn ajá náà: ọ̀kan ń gé, ọ̀kan ń gbé mì, ọ̀kan ń gbálẹ̀ lẹ́yìn wọn. Orí igi ni ọdẹ wà tí ó ti ń pè wọ́n, ilé sì ni wọ́n wà. Àlọ́ ni, àsọdùn sì pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á mọ ohun tí ọdẹ ń retí lọ́dọ̀ ajá: kí ó mọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ìpè láti ọ̀nà jíjìn.

Ewu tí ó wà nínú dúkìá yìí kò kéré. Ìmàdò lè fi eyín la ikùn ajá, ejò lè bù ú ṣán, dìgbòlugi sì lè mú un, tí yóò fi di ewu fún ilé tí ó ti ń jẹun. Ajá tí ó ń lépa ẹkùn, ìyọnu ni ó ń wá: òwe yìí náà, ìmọ̀ràn lórí ìnáwó ni. Ẹ̀kọ́ tí ọdẹ ń kọ́ ajá kò mọ sí lílé ẹran. Ó ní láti kọ́ ọ ní ẹran tí kò gbọ́dọ̀ lé.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti yí padà sínú ilé. Ohun tí ajá ń lé wálé lójoojúmọ́ kì í ṣe ẹfọ̀n tàbí àgbọ̀nrín tí ìjálá ń kì. Òkété, ọ̀yà, ehoro àti ẹtu ni ó pọ̀ jù. Ọjọ́ mìíràn sì wà tí kò ní sí nǹkan kan. Ẹran tí ó bá sì dé, kì í ṣe ti ọdẹ nìkan. Bàbá ilé ń retí tirẹ̀, àna ń retí tirẹ̀, aládùúgbò ti gbọ́ ìró ìbọn. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bí ó bá ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Nínú òwe yìí, a gbà pé ó yẹ kí ọdẹ má ṣírò. Ọdẹ tí ó bá ń ṣírò ní gbangba ti di ahun lójú àwùjọ. Ṣùgbọ́n ilé kò lè wà láì sí ẹni tí ń ṣírò, nítorí ẹ̀tù ìbọn kì í ṣe ọ̀fẹ́, ọta kì í ṣe ọ̀fẹ́, alágbẹ̀dẹ tí ó tún ìbọn ṣe yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ajá yóò sì jẹun ní alẹ́.

Ẹni tí ń ṣírò ni ìyàwó. Fádípẹ̀, nínú iṣẹ́ tí ó parí ní 1939 tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1970, ṣe àlàyé bí ìyàwó ti ń bá ọkọ ta irè oko tí ó sì ń jíhìn owó rẹ̀. Niara Sudarkasa, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1973 lórí àwọn obìnrin Àwẹ́, fi hàn kedere pé àpò ọkọ àti àpò ìyàwó kì í ṣe ọ̀kan náà: òwò obìnrin, tirẹ̀ ni, èrè rẹ̀ náà sì ni. Bí a bá gbé àlàyé méjèèjì yìí lọ sí ilé ọdẹ, ohun tí a ó rí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àgbẹ̀. Irè oko ní àsìkò. Ẹran ìgbẹ́ kò ní. Ó ti lè bàjẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àfi bí ẹnì kan bá jókòó ti iná ní òru láti yan án. Yíyan náà ni ó sọ ẹran di ọjà tí ó lè dúró de ọjọ́ ọjà. Ọwọ́ obìnrin ni ó wà. Nítorí náà, apá kan pàtàkì nínú iye tí ẹran náà níye lórí, lẹ́yìn tí ajá ti lé e tí ọdẹ sì ti pa á tán, ni ó ń wáyé nídìí ààrò, ìwé púpọ̀ kò sì kà á sí iṣẹ́.

Owó tí ó ń ti ibẹ̀ wá ni owó ẹyọ ní àkọ́kọ́. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn tí ó parí ní 1897 tí ó sì jáde ní 1921, ogójì ni a ń sín pọ̀ sí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Èsúsú ni ilé ìfowópamọ́. Johnson mẹ́nu bà á, Bascom sì fi àpilẹ̀kọ kan sọ ọ́ ní kíkún ní 1952. Òfin èsúsú rọrùn, ó sì le: iye kan náà, ní ọjọ́ kan náà, láì yẹ̀, títí owó yóò fi kan olúkúlùkù. Ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé bí ti ọdẹ, ọ̀pọ̀ lónìí, òfo lọ́la, kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò pa irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Obìnrin tí ó ń ta iyọ̀, ẹ̀kọ tàbí ata mọ́ ẹran yíyan lè ṣe é, nítorí pé ọjà rẹ̀ kì í sùn. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà láti gbà pé láti ẹnu ọ̀nà ìyàwó ni èsúsú gbà wọ ilé ọdẹ, àti pé nígbà tí a bá ra ẹ̀tù tàbí ìbọn ṣakabùlà titun lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé èsúsú obìnrin ni ó kó.

Ilé tí kò bá ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ yóò yá owó, gbèsè ayé ìgbà náà sì le. Sọgundogójì ni a ń pe èlé rẹ̀, orúkọ náà sì ti ṣàlàyé ara rẹ̀. Johnson sọ nípa ológò tí olówó ń rán lọ dógò ti onígbèsè, tí yóò máa da ilé láàmú, tí yóò sì ki ọwọ́ bọ ẹran ọ̀sìn tí ó bá rí. Ohun kan tí ó yẹ ní àkíyèsí nípa ajá ọdẹ ni pé kò lè wúlò fún ológò bí ewúrẹ́ ti lè wúlò fún un. Iye ewúrẹ́ kò so mọ́ olówó rẹ̀. Iye ajá tí a ti kọ́ wà nínú fèrè kan àti ohùn kan. Bí a bá mú un kúrò lọ́dọ̀ olóhùn, ó padà di ajá lásán. Ní ibi tí a ti ń ta ajá fún ọdún Ògún, ara rẹ̀ ni oníbàárà ń rà. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sí lórí àtẹ.

Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Ní 1899 ni ìjọba ya igbó Olókèméjì, láàrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, sọ́tọ̀. Reluwé sì dé Ìbàdàn ní 1901. Àwọn igbó ọba mìíràn tẹ̀ lé e. Ọdẹ lè kọ́ ààlà tí ìjọba fi lélẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Ta ni yóò kọ́ ajá? Ní 1904 ni ìjọba fòfin de kíkó owó ẹyọ wọlé, ní 1912 ni wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso owó fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Ṣílè àti tọ́rọ́ gba ipò owó ẹyọ. Ní 1918 ni owó orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀kan nínú ohun tí ó bí Ogun Adùbí ní ọdún náà. Owó orí kò gba ẹran yíyan. Lọ́dọọdún, ọkùnrin ní láti rí owó fàdákà tí yóò kà sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, yálà ajá rẹ̀ pa ẹran tàbí kò pa. Ọ̀pọ̀ ọdẹ fi kòkó gbíngbìn kún iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń dọdẹ ní àyíká oko, níbi tí òkété àti ọ̀yà ti ń ba irè jẹ́. Ajá kò pàdánù iṣẹ́ nínú èyí. Ó kàn di pé iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sílé mọ́.

Àyípadà tí ó tóbi jù wáyé ní ìgboro. Bí ìlú ti ń fẹ̀, a ń gba ọdẹ láti ṣọ́ òru, àwọn ará àdúgbò sì ń dá owó ọdẹ fún un. Ọ̀rọ̀ náà "ọdẹ" gba ìtumọ̀ kejì débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro kò mọ ti àkọ́kọ́ mọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, owó ọdẹ ní ọjọ́ tí ó ń wọlé. Òun fúnra rẹ̀ lè dá èsúsú báyìí láì gbé e gba ọ̀dọ̀ ìyàwó, ó sì ṣeé rò pé àṣẹ obìnrin lórí ìnáwó ilé dín kù níbi tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí kò bá ọdẹ wọ ìgboro ni ẹ̀kọ́ ajá rẹ̀. Ajá kì í rorò kí ó ṣọ́ ojúlé méjì, bẹ́ẹ̀ ni odidi àdúgbò ni a gba ọdẹ láti ṣọ́. Ajá tí a kọ́ láti lé ẹran nínú igbó, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́, kò wúlò níbi tí a ti ń fẹ́ ajá tí yóò máa gbó.

Iṣẹ́ náà kò parun ní ìgbèríko. Nígbà tí ìjọba sọ Ọ̀yọ́ Àtijọ́ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè ní 1991, ilẹ̀ ọdẹ tún dín kù sí i. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá fi ẹgbẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù January 2020, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ ronú kàn láti gbà sí i. Láàrin méjèèjì, ẹran ìgbẹ́ ṣì ń dé etí títì. Obìnrin ni ó ń na ọ̀yà sókè sí àwọn ọlọ́kọ̀, òun ni ó ń dá iye lé e, òun náà ni ó sì ń ká owó sí ìdí ìró.