Èròjà Àrà Nínú Ọṣẹ Sísè

Ọṣẹ sísè ni ọṣẹ tí wọ́n gbé ka iná títí epo inú rẹ̀ fi di ọṣẹ tán nínú ìkòkò, kí wọ́n tó dà á sínú àpótí tàbí kí wọ́n tó fọwọ́ bù ú. Ó yàtọ̀ sí ọṣẹ tútù, èyí tí wọ́n kàn ro pọ̀, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó ṣeé lò. Ọṣẹ dúdú ilẹ̀ Yorùbá, ọṣẹ Alẹ́pò ní Síríà àti ọṣẹ Marseille ní ilẹ̀ Faransé, orí iná ni gbogbo wọn ti ń jáde. Lóde òní, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń se ọṣẹ nínú ilé ló ń dán ohun àdánidá tí ẹnikẹ́ni kò retí wò nínú rẹ̀: oyin, bíà, wàrà, osùn, omi ìgbín, àní òwú ṣẹ́dà pàápàá. Òmíràn nínú wọn ń ṣiṣẹ́ gidi, òmíràn kò wúlò ju kí orúkọ rẹ̀ hàn lára páálí lọ. Àsìkò tí èròjà kan wọ ìkòkò ló sì sábà ń pààlà sáàárín méjèèjì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò

Ì báà jẹ́ àdín, ì báà jẹ́ òrí tàbí ọ̀rá màlúù, ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta mẹ́ta ló so mọ́ glycerin nínú rẹ̀. Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló là á yé aráyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1823. Bí omi sódà, ìyẹn kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n pò mọ́ omi, bá dé, á já àwọn ásíìdì náà kúrò lára glycerin, á so mọ́ wọn, wọ́n á sì di ọṣẹ. Glycerin kò ní lọ síbì kan. Inú ọṣẹ náà ló máa wà, ó sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ ilé gbẹ ara bíi ti ọ̀pọ̀ ọṣẹ ilé iṣẹ́ ńlá, tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Kọ́sítíìkì sódà ló ń mú ọṣẹ le dé ibi tó fi ṣeé gé. Pòtáṣì, irú èyí tó wà nínú eérú, rírọ̀ ni ọṣẹ tirẹ̀, ìyẹn ni ọṣẹ dúdú fi ṣeé fọwọ́ bù.

Epo kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n sódà tirẹ̀. Àdín àgbọn gíráàmù 1,000 ń fẹ́ sódà bíi gíráàmù 183. Òrí ìwọ̀n kan náà kò fẹ́ ju nǹkan bí 128 lọ, epo ólífì sì ń fẹ́ nǹkan bí 134. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń dín sódà náà kù ní bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́ kù fún ara. Ẹni tó bá ní ojú lòun máa fi wọ̀n ọ́n, awọ ara rẹ̀ ló máa gba èsì.

Inú omi ni wọ́n ń da sódà sí, wọn kì í da omi lé sódà lórí, torí ó lè ru sókè kó ta síni lójú. Ìbọ̀wọ́ àti ohun ìbòjú kì í ṣe ọ̀ràn àṣejù níbi iṣẹ́ yìí. Ìkòkò irin tí kì í dípẹtà tàbí tánganran tí ojú rẹ̀ kò bó ló yẹ iṣẹ́ náà. Alumíníọ̀mù kò yẹ ẹ́ rárá, nítorí sódà máa ń jẹ ẹ́, gáàsì háídírójìn tó lè gbiná á sì máa jáde.

Lórí iná jẹ́jẹ́, epo àti omi sódà tí wọ́n ti rò pọ̀ á kọ́kọ́ ki bí ẹ̀kọ gbígbóná tó fẹ́ dì. Lẹ́yìn náà, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yòò, á wú lọ sókè, á sì máa ká padà sáàárín. Bí wọ́n bá ń rò ó lóòrèkóòrè, gbogbo rẹ̀ á mọ́ gaara díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta, á sì nípọn débi tí orógùn á fi máa wúwo lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò ni pé wọ́n á bu díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á sì fi kan orí ahọ́n. Bó bá ta ahọ́n gbì, kò tíì jinná. Bó bá dà bí ọṣẹ lásán lẹ́nu, sódà ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ni àǹfààní ọṣẹ sísè ń fojú hàn: ohun tí kò lè fara da sódà líle á wọlé báyìí, lẹ́yìn tí ogun ti parí. Ọṣẹ náà kò yé jẹ́ álíkálì o, ìwọ̀n pH rẹ̀ á wà ní bíi 9 sí 10, àmọ́ ìyẹn kò le tó ti omi sódà tútù.

Àwọn ará Alẹ́pò ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n á se epo ólífì pẹ̀lú sódà fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà tí iṣẹ́ bá sì ń parí lọ ni wọ́n ń da epo èso láúrẹ́lì sí i, torí òun ló wọ́n jù, òun ló sì ń fún ọṣẹ náà ní òórùn. Ní 2024 ni UNESCO kọ iṣẹ́ ọwọ́ yìí sínú ìwé àwọn àṣà ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé. Ní Marseille, òdìkejì ni ìjọba ṣe: òfin ọdún 1688 lábẹ́ Ọba Louis Kẹrìnlá sọ pé epo ólífì nìkan ni kí wọ́n máa fi se ọṣẹ, ẹni tó bá lu ọ̀rá mìíràn mọ́ ọn ti rúfin.

Eérú, odó àti ewé

Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń sun èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìdì ẹyìn tí wọ́n ti gba ẹyìn orí rẹ̀ tán, di eérú. Wọ́n á di eérú náà sínú àjèrè, wọ́n á gbé e lé ìkòkò mìíràn lórí, wọ́n á sì máa bomi sí i. Omi tó ń kán sísàlẹ̀, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ni omi eérú. Pòtáṣíọ̀mù kábónéètì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì lágbára tó sódà ọjà; ìdí nìyẹn tí àdín àti omi eérú fi ń pẹ́ lórí iná kí ọṣẹ tó jinná.

Àwọn tó ń pe èèpo kòkó ní èròjà ìbílẹ̀ kì í sábà rántí pé àlejò ni kòkó. Nǹkan bí ọdún 1880 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ J. P. L. Davies dá oko kòkó rẹ̀ sí Ìjàn, lẹ́bàá Agége, kó tó di pé irúgbìn náà tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn olóṣẹ ti ń se ọṣẹ kí kòkó tó dé. Nígbà tó dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun èèpo rẹ̀ náà fún omi eérú. Ohun tí à ń pè ní ogún àwọn bàbá wa lónìí, ìdánwò ni ní ayé àwọn bàbá bàbá wa.

Ní ti ewé, ẹ̀yìn tí ọṣẹ bá jinná ló ń wọlé. Àwọn adáhunṣe àti babaláwo kì í se ewé pọ̀ mọ́ omi eérú. Wọ́n á gún ewé tàbí egbò kúnná nínú odó, wọ́n á wá fi ọṣẹ dúdú tó ti jinná sí i, wọ́n á sì gún un pọ̀. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ wà nínú ìwé Pierre Verger, *Ewé*, tó jáde ní 1995. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ àwúre àti ọfọ̀ kúrò níbẹ̀, ohun tí ẹni tó ń se ọṣẹ nínú ìkòkò iná mànàmáná ní London tàbí Houston ń ṣe nígbà tó ń fi èròjà sí ọṣẹ tó ti jinná kò yàtọ̀ sí i. Ọṣẹ yìí ti sọdá òkun tipẹ́: ní Brazil, sabão da costa ni wọ́n ń pè é, ó sì ní àyè tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn Candomblé.

Dudu-Osun tí ilé iṣẹ́ Tropical Naturals ń ṣe ní Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù nínú àwọn ọṣẹ irú yìí. Bí ẹ bá ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀, ẹ ó rí osùn, oyin, òrí, etí erin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú eérú èèpo kòkó. Ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn ni, àmọ́ èròjà inú rẹ̀ kún fún àrà.

Ohun tí èròjà kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Ṣúgà ló ń kó ọ̀pọ̀ olóṣẹ sí ìjàngbọ̀n. Oyin, omi àgbọn, bíà àti wàrà, gbogbo wọn ló ní in, ṣúgà sì ń mú kí ọṣẹ hó dáadáa. Àmọ́ bí ó bá pàdé omi sódà, ooru á pọ̀ sí i, àwọ̀ á di pípọ́n tàbí àwọ̀ kọfí, ọṣẹ sì lè wú jáde kúrò nínú ìkòkò sórí iná. Nítorí náà, oyin ṣíbí ìjẹun kan fún epo bí ìdajì kílò ti tó, ẹ̀yìn tí ọṣẹ bá sì jinná ni kí wọ́n fi sí i. Ìhó inú bíà ní láti kọ́kọ́ dá, kí wọ́n sì sè é kí ọtí inú rẹ̀ lè lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ru bí wọ́n bá ti da sódà sí i. Wàrà tó bá pàdé sódà lójijì á jóná, òórùn tó ń jáde lára rẹ̀ kò sì dára. Àwọn olóṣẹ tútù máa ń sọ ọ́ di yìnyín kí wọ́n tó lò ó. Ẹni tó ń sè lórí iná kò nílò wàhálà yẹn, á kàn po wàrà lẹ́búlẹ́bú sínú omi díẹ̀, á sì rò ó mọ́ ọṣẹ tó ti jinná. Yógọ́ọ̀tì náà ń ṣiṣẹ́ mìíràn níbẹ̀: ó ń jẹ́ kí ọṣẹ tó ti nípọn dẹ̀, kó lè ṣeé dà sínú àpótí láìní ihò nínú.

Àwọn ohun kíkan ni wọ́n ń ṣì lò jù. Ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ kì í dúró bó ṣe wà nínú ọṣẹ. Gíráàmù mẹ́wàá rẹ̀ á jẹ sódà tó lé díẹ̀ ní gíráàmù mẹ́fà, méjèèjì á sì di iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní sódíọ̀mù sítíréètì. Ẹni tí kò bá fi sódà kún un á rí epo tó pọ̀ jù nínú ọṣẹ rẹ̀. Kì í ṣe àdánù pátápátá, nítorí iyọ̀ yìí ń jẹ́ kí ọṣẹ hó nínú omi kànga tó le, ó sì ń dín ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ etí báfù kù. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má retí kí ọṣẹ ọsàn bó àpá ojú. Omidùn orí ògì náà jọ ọ́: ásíìdì inú rẹ̀ á di sódíọ̀mù lákítéètì, ohun kan náà tí àwọn olóṣẹ òkè òkun ń fowó rà láti mú ọṣẹ wọn le. Èyí tó wà nínú omidùn kéré ju ti inú ìgò lọ ṣá.

Ọ̀ràn àwọ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ata ilẹ̀ pupa á yí láti àwọ̀ òféèfèé di pupa bí álíkálì bá ti kàn án, á tún padà sí àwọ̀ òféèfèé bí ọṣẹ bá ti jinná, lẹ́yìn náà ni oòrùn á máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Òdòdó isápá tí wọ́n fi ń ṣe sóbò máa ń já àwọn tó fẹ́ ọṣẹ pupa kulẹ̀, torí inú álíkálì ni pupa rẹ̀ ti ń di àwọ̀ ewé tó ṣú tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Ewé tútù yòówù, ì báà jẹ́ èfìnrín tàbí dóńgóyárò, á di àwọ̀ ilẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Osùn ń dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pupa rẹ̀ máa ń ṣú lọ sí àwọ̀ àlùkò. Èédú kì í yí padà. Ti ewé èlú ló jẹ́ àrà: inú omi eérú kan náà ni àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ti ń rẹ ẹ́ kí aró wọn tó jáde, nítorí náà álíkálì kò ṣàjèjì sí i. Aró gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná ń fún ọṣẹ ní àwọ̀ búlúù tí òdòdó kankan kò lè fún un.

Ṣẹ́dà gbòdì sí gbogbo wọn ní ti àsìkò. Òun kò gbọ́dọ̀ dé lẹ́yìn. Èròjà ara kòkòrò ni okùn rẹ̀, omi sódà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ po, tó ṣì ń gbóná, ló sì lè yọ́ ọ. Wọ́n á fa òwú náà ya, fún bí ìwọ̀nba tí ìka méjì lè mú, wọ́n á sọ ọ́ sínú omi sódà, á sì pòórá níbẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ọṣẹ dán, kí ìhó rẹ̀ sì jọ̀lọ̀. Sányán náà, ti kòkòrò ni, á yọ́ bákan náà. Òwú tí wọ́n ká lóko kò ní yọ́, èyí sì jẹ́ ọ̀nà kan láti dá ayédèrú ṣẹ́dà mọ̀. Ẹni tó máa sọ sányán sínú sódà ní iye tó ń lọ lónìí, kó rí i pé àjákù ló mú.

Omi ìgbín gbajúmọ̀ nínú ìpara àwọn ará Kòríà, àwọn olóṣẹ Faransé náà ń fi sí ọṣẹ. Kò sí Yorùbá tí a ní láti ṣàlàyé fún pé ẹ̀rọ̀ ni omi ìgbín. Àmọ́ ìpara ń gbé lára mọ́jú, ọṣẹ kì í lò tó ìṣẹ́jú méjì kí omi tó ṣàn án lọ. Bí wọ́n bá máa lò ó, ìgbẹ̀yìn ni, nígbà tí ooru ọṣẹ bá ti rọlẹ̀.

Ìbẹ́pẹ, píà, kárọ́ọ̀tì àti kùkúmbà ṣeé lò bí wọ́n bá lọ̀ wọ́n kúnná, tí wọ́n sì yọ iye omi inú wọn kúrò nínú omi tí wọ́n máa fi po sódà. Ègé tútù tí wọ́n tò sójú ọṣẹ fún ẹwà ni kò dára. Á jẹrà, ọṣẹ náà á sì máa rùn. Èérún kọfí ń ha ìdọ̀tí ọwọ́ mẹ́káníìkì kúrò dáadáa, ó le jù fún ojú.

Iyọ̀ ni kò gba ìjáfara. Ó ń dín ìhó kù, nítorí náà àdín àgbọn, tó ń hó nínú omi òkun pàápàá, ló bá a mu jù. Ọṣẹ oníyọ̀ tí wọ́n sè lórí iná ń yára le, wọ́n sì ní láti gé e nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí wọ́n bá fi í di ọjọ́ kejì, ọ̀bẹ á kàn rún un wómúwómú ni.