Èèrà Inú Ilé: Láti Orí Eérú Dé Orí Májèlé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí èèrà nínú ilé òun, ẹ bi í bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀. Níbi tí ènìyàn bá ti ń jẹ tó ń mu, èèrà ò ní ṣàìyọjú. Kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, kò mọ ààfin yàtọ̀ sí ahéré. Ìtàn ọba àti ìtàn ogun ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé. Ti bí àwọn ìyá wa ṣe bá èèrà jà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìjà yẹn ti gba ẹ̀mí. Kì í ṣe èèrà ló pa wọ́n o. Oògùn tí à ń wá fún èèrà àti àwọn kòkòrò ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti Ọ̀yọ́ Aláàfin dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú méjì tí iṣẹ́ ìwé ìròyìn ti sọ di ojú ọ̀nà fún mi.

Àwọn àgbà kò ka gbogbo èèrà sí ọ̀kan náà. Èyí tí ń wá ṣúgà yàtọ̀ sí tanpẹ́pẹ́ tí ń ta ni bí abẹ́rẹ́, ìjàlọ sì tún yàtọ̀ pátápátá. Bí ìjàlọ bá ya wọ agbo ilé lóru, àgbàlagbà kì í dúró bá a jà. Wọn a gbé ọmọ ọwọ́, wọn a tú ewúrẹ́ àti adìẹ sílẹ̀, wọn a bọ́ síta, wọn a fún un láyè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, aáyán, àkekèé àti ọmọ eku ti bá a lọ. Dókítà míṣọ́nnárì kan láti Amẹ́ríkà, Thomas Savage, rí irú rẹ̀ ní Cape Palmas, ní etíkun Làìbéríà, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1847. Ohun tó jẹ́ ìyanu lójú òyìnbó, gbálẹ̀-gbálẹ̀ ọ̀fẹ́ ni lójú àwọn bàbá wa.

Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí, Aláàfin Àtìbà ló sọ Àgọ́ dà á ní àwọn ọdún 1830, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú. Ògiri amọ̀ àti òrùlé koríko ni ilé ìgbà náà. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ààfin pàápàá, ọdún Bẹẹrẹ sì ni wọ́n fi ń kó koríko tuntun wá fún ọba. Ilé amọ̀ àti koríko, ilé èèrà àti ikán náà ni. Kí wá ni àwọn ìyá fi ń gbèjà oúnjẹ wọn? Ohun ìjà wọn ò ju mẹ́ta lọ: eérú, omi àti èéfín. Wọn a bu eérú yí ìdí ìkòkò ká. Wọn a bu omi sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọn a gbé ìkòkò oyin tàbí ti ọbẹ̀ sí àárín rẹ̀, a wá dà bí erékùṣù. Ẹran gbígbẹ àti ẹja, òkè ààrò ni wọ́n ń so wọ́n rọ̀ sí, níbi tí èéfín kò ti ní jẹ́ kí kòkòrò sinmi. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí májèlé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn ò ní kí èèrà tán láyé. Ọ̀nà ni wọ́n ń dí mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1907, iṣẹ́ ìwòsàn ìjọ náà bẹ̀rẹ̀. Tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ń pọ̀ sí i. Tíì, mílíìkì alágolo àti ṣúgà sì ń wọlé tẹ̀ lé wọn. Láfún tí a mọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ kò lè pe èèrà bí ṣúgà ṣe ń pè é. Kọ́bọ́ọ̀dù aláàwọ̀n náà dé, a sì kọ́ láti máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo omi tí a kán kẹrosíìnì sí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Bacita, lókè Ìlọrin, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà ní 1964, ṣúgà ti di ohun tí mùtúmùwà ń jẹ. Àwọn ìyá wa sọ fún wa pé ní 1984 tí ṣúgà wọ́n, tí wọ́n ń tò lórí ìlà kí wọ́n tó rí i rà, ńṣe ni wọ́n ń fẹ́ èèrà kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó bù ú sí tíì. Ta ni yóò dà á nù?

Ìdí agolo kẹrosíìnì yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Agolo náà ṣì ń dí ọ̀nà bíi ti àwo omi, ṣùgbọ́n ohun inú rẹ̀ lè pa ọmọ. Mélòó ni ọmọ wẹ́ẹ́rẹ́ tó ti gbé kẹrosíìnì inú ìgò mínírà mu, tó rò pé omi ni! Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì, nítorí bó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó di wàhálà ńlá. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ.

Lẹ́yìn èyí ni májèlé gan-an dé. Flit jáde ní Amẹ́ríkà ní 1923; òun ni àwọn bàbá wa fi ń pe gbogbo oògùn kòkòrò ní fílíìtì. Ní 1939, Paul Müller, ará Switzerland, rí i pé DDT ń pa kòkòrò, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1948. Ayé ń jó, wọ́n ní kòkòrò ti tán. Ní 1962, Rachel Carson kọ ìwé Silent Spring láti fi kìlọ̀ pé májèlé tí a fọ́n kì í lọ bọ̀rọ̀. Ní 1972, Amẹ́ríkà fi òfin de DDT. Lọ́dọ̀ tiwa, Gammalin 20 tí wọ́n ń fọ́n sí kòkó lóko ń bá àwọn kan wálé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òtápíapíà inú ìgò àlòkù, lẹ́yìn ìyẹn ni Sniper. Ní 2015, ilẹ̀ Yúróòpù kọ ẹ̀wà Nàìjíríà nítorí májèlé dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀, èyí kan náà tó wà nínú Sniper. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré 100ml rẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n má tà á mọ́ ní ọjà gbangba àti súpámákẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn tó ń gbé e mu láti fi pa ara wọn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti káńfọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó kà á sí májèlé. Funfun ni, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ìmọ́tótó. A ń jù ú sí kọ́bọ́ọ̀dù àti àpótí aṣọ kí èèrà àti aáyán má bàa débẹ̀, a sì ń mú aṣọ ọmọ tuntun jáde láti inú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa àbùkù ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ G6PD, èyí tó wà lára nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 nílẹ̀ wa. Bí ọmọ tó ní in bá fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ojú rẹ̀ a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìyẹn jọ́ńdíìsì. Bó bá le, ó lè ba ọpọlọ jẹ́, ó sì lè pa á.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé májèlé kì í tilẹ̀ ṣẹ́gun èèrà. Èèrà kékeré kan wà tí Linnaeus sọ lórúkọ Fáráò ní 1758. Bí a bá fọ́n oògùn sí wọn, ńṣe ni àwọn tó kù máa ń pín, wọn a kó yèyé wọn àti ẹyin lọ dá ilé tuntun sílẹ̀. Ilé kan a di mẹ́ta. Ní 1959, Edward Wilson ti Yunifásítì Harvard fi hàn pé òórùn ni èèrà fi ń sàmì sí ọ̀nà kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè tọ̀ ọ́. Ẹ wá rí i pé àwọn ìyá wa gbọ́n? Eérú bo òórùn ọ̀nà, ó sì lẹ̀ mọ́ èèrà lára. Ọṣẹ fọ òórùn náà dànù.

Nítorí náà, ẹ tọ èèrà dé ihò tó ti ń jáde, ẹ fi omi ọṣẹ nu gbogbo ọ̀nà rẹ̀, kí ẹ sì di ihò náà. Ẹ gbé ṣúgà sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù sínú agolo omi tí ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́, nítorí èèrà lè léfòó lórí omi lásán, ṣùgbọ́n ọṣẹ a jẹ́ kó rì. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i. Ní ti káńfọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí aṣọ ọmọ. Èèrà tó bá já sínú gàrí, ẹ ó yọ ọ́ dànù, ẹ ó sì jẹun. Májèlé tó bá já sí i, ta ni yóò yọ ọ́?