Ẹnu Oníbàárà àti Orúkọ Aláró: Àdìrẹ Abẹ́òkúta ní Àwọn Ọdún 1930

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níwájú yín ni bí orúkọ rere ṣe ń dúró lára ọjà tí kò ní àmì kankan. Àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìpolówó inú ìwé ìròyìn ni ó bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ìtàn àdìrẹ Abẹ́òkúta fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Aṣọ funfun òyìnbó ni àwọn aláró ń rà láti fi ṣe àdìrẹ, àwìn sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń rà á ní ilé ìtajà àwọn òyìnbó. Bí aṣọ gbogbo wọn bá rí bákan náà, kí ni yóò wá ya ti ẹnì kan sọ́tọ̀? Ọwọ́ ẹni tí ó rẹ ẹ́ ni: bí ó ṣe gún èlú, bí omi eérú rẹ̀ ṣe le tó, bí ó ṣe mọ ọjọ́ tí aró tó lò, àti iye ìgbà tí ó ti aṣọ bọ inú ìkòkò. Gbogbo èyí kì í hàn lójú ọjà. Ìgbà tí a bá fọ aṣọ nílé ni àṣírí ń tú. Nítorí náà ni oníbàárà fi ń gbára lé ẹnu oníbàárà mìíràn. Obìnrin tí aró aṣọ rẹ̀ kò ṣí yóò júwe agbo ilé aláró náà fún àna àti ọ̀rẹ́. Aláró náà yóò sì mọ̀ wọ́n lórúkọ, yóò fún wọn ní ènì, yóò gbà kí wọ́n san owó díẹ̀díẹ̀.

Báyìí ni òkìkí náà ṣe dé Góòlù Kóòsì, tí ó di Gánà ní 1957, tí ó sì dé Sẹ̀nẹ̀gàl, débi pé àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń wá fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òkìkí a máa yí padà bí ó ti ń rìn jìnnà. Lẹ́nu ará àdúgbò, orúkọ ìyá kan pàtó ni; lẹ́nu ará òkèèrè, ó ti di “aṣọ Abẹ́òkúta” lásán.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Aró òyìnbó àti sódà kọ́sítíìkì mú iṣẹ́ náà yá, wọ́n sì mú un rọrùn. Nígbà tí ìfàsẹ́yìn ọrọ̀ ajé àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 mú owó ṣọ̀wọ́n, ìráhùn gbòde pé àwọ̀ ń ṣí, pé sódà ń jẹ aṣọ. Ìráhùn náà kò yan ẹnì kan. Ìyá tí ó ti fi ogún ọdún rẹ aṣọ bá ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ lánàá pín nínú ìtìjú kan náà. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, tí ó gorí ìtẹ́ ní 1920, fòfin de èròjà méjèèjì; àwọn aláró kọ̀ jálẹ̀, awuyewuye náà sì gbóná gidigidi ní 1936.

Mo gbà pé Aláké rí àrùn náà, ṣùgbọ́n egbòogi tí ó lò kò bá a mu. Ẹni tí ó mọ sódà lò lè fi ṣe aṣọ tí ó dára, òfin náà sì fìyà jẹ òun pẹ̀lú. Ohun tí ó bàjẹ́ ju aró lọ ni okùn tí ó so ẹni tí ó wọ aṣọ mọ́ ẹni tí ó rẹ ẹ́: ará Dàkár kò mọ ẹni tí yóò bá wí. Ní Ìtòkú lónìí, níbi tí ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun ti dé, oníbàárà tí ó mọ aṣọ a máa yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ẹni tí ó rẹ ẹ́.