Ìbéèrè ní Ilé Ìgbìmọ̀ Gánà

Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní 1957, Ọ̀jọ̀gbọ́n K. A. Busia, olórí Ẹgbẹ́ Alátakò, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ń bi àwọn mínísítà léèrè nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ní oṣù Keje 1958, Ilé náà ṣe òfin pé ìjọba Nkrumah lè ti ènìyàn mọ́lé fún ọdún 5 láìsí ẹjọ́. Kí ọdún náà tó parí, a ti mú R. R. Amponsah àti M. K. Apaloo, aṣòfin alátakò. Busia fi ìlú sílẹ̀ ní 1959. A kò fòfin de ìbéèrè o; àwọn tí ń bèèrè ni a ń kó lọ. Ní 1964, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni òfin gbà láyè. Amponsah kò kúrò ní àtìmọ́lé títí di 1966, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba.